Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní owó ló ba bésíbọ́ọ̀lù jẹ́: ta ló ń ná an, ta ló ń kó o pamọ́?

Bàbá Kẹ́hìndé (Oakland) ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí Los Angeles Dodgers ti gba ife World Series ti ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́ níbi iṣẹ́ àti lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú: owó ti ba bésíbọ́ọ̀lù jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ léra ni wọ́n gbà á. Ní 2024, Yankees ni wọ́n nà. Ní 2025, Toronto Blue Jays ni, nínú eré keje tó wọ abala kọkànlá kó tó parí, bẹ́ẹ̀ abala mẹ́sàn-án ló yẹ kó jẹ́. Kò tíì sí ẹgbẹ́ mìíràn tó gba ife yẹn léra wọn láti ìgbà tí Yankees ti gbà á láti 1998 dé 2000.

Mi ò ní parọ́, owó náà pọ̀. Shohei Ohtani, ọmọ Japan tó ń ju bọ́ọ̀lù tó tún ń gbá a, tọwọ́ bọ àdéhùn 700 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́wàá ní oṣù Kejìlá 2023. Mílíọ̀nù méjì péré ló ń gbà lọ́dún báyìí. 680 mílíọ̀nù tó kù, ó di 2034 sí 2043 kí wọ́n tó san án. Àjọ MLB tó ń darí ẹgbẹ́ 30 náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má náwó. Ààlà kan ni wọ́n fi lélẹ̀, 241 mílíọ̀nù dọ́là ní 2025, ẹgbẹ́ tó bá sì kọjá rẹ̀ yóò san owó orí lé e. Owó orí yẹn nìkan, nǹkan bí 169 mílíọ̀nù ni Dodgers san. Ó ju gbogbo owó tí Miami Marlins san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lọ́dún náà lọ.

Ṣùgbọ́n Oakland ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹni tó ń náwó kọ́ ló gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa níbí. Ẹni tí kò fẹ́ ná an ni.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 2023, mo kó àwọn ìbejì mi lọ sí pápá Coliseum. Athletics, tí gbogbo èèyàn ń pè ní A's, ti di ẹgbẹ́ tó ń gbẹ̀yìn. Nígbà mìíràn, èrò tó ń wá wò wọ́n kì í tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Lọ́jọ́ yìí, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ló ké sí ara wọn pé kí gbogbo ìlú jáde, kí John Fisher tó ni ẹgbẹ́ lè fojú ara rẹ̀ rí i pé Oakland kò kọ bọ́ọ̀lù. Èèyàn 27,759 ló wá. Wọ́n ń pín ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà láyà rẹ̀: SELL, tà á.

Nígbà tí abala karùn-ún bẹ̀rẹ̀, gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Kẹ́hìndé dì mọ́ mi lápá, ó ní, "Dádì, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mò ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù bó ṣe ń bà sínú ìbọ̀wọ́ lókè téńté tá a jókòó sí. Wọ́n dákẹ́ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi bá ẹni àkọ́kọ́ tó dúró láti gbá bọ́ọ̀lù parí. Ìgbà náà ni gbogbo èèyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ìlù sọ, ariwo sì gba pápá: tà á, tà á, tà á. A na Tampa Bay Rays ní 2 sí 1. Ẹ̀ẹ̀keje tá a ń borí léra nìyẹn.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ Nevada dìbò pé kí wọ́n fi owó ìjọba tó tó 380 mílíọ̀nù dọ́là ran Fisher lọ́wọ́ kó lè kọ́ pápá tuntun fún A's sí Las Vegas. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, gómìnà buwọ́ lù ú.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní owó ló ba eré yìí jẹ́, owó ta ni? Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín.

Àkànní Texas:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àmúmọ́ra o. Ó dùn mí fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbà pẹ̀lú yín pé ẹni tó ń náwó kò jẹ̀bi.

Ẹ wo Milwaukee Brewers ní 2025. Ìlú wọn kò tóbi, owó wọn kò pọ̀, síbẹ̀ wọ́n borí nínú eré 97, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú 30 tó jù wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n wá pàdé Dodgers, eré mẹ́rin léra ni Dodgers fi nà wọ́n, wọn ò borí ìkankan. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá tí wọ́n parí rẹ̀, Ohtani ju bọ́ọ̀lù fún abala mẹ́fà, wọn ò rí àmì kankan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lé ẹni mẹ́wàá padà sórí ìjókòó, ó tún fi igi gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Mo dìde pàtẹ́wọ́ nínú pálọ̀ mi, torí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo ń ro àwọn ọmọ Milwaukee. Wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe. Ẹni tó ń fi ọkọ́ kọ ebè, báwo ló ṣe fẹ́ bá ẹni tó gun katakátá dúró?

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá ni tẹlifíṣọ̀n. Àdéhùn tí Dodgers ní lórí tẹlifíṣọ̀n ìlú wọn jẹ́ ti ọdún 25, owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là. Ìlú Milwaukee kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ láti tà fún ẹnikẹ́ni. Nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ti Amẹ́ríkà, láti 1994 ni ààlà ti wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá, owó orí kọ́, ààlà gidi ni. Green Bay, ìlú tí kò tó àdúgbò bíi mélòó kan n'Íbàdàn, tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ra ìpín nínú ẹgbẹ́ wọn, ń bá New York du ife. Àdéhùn àárín MLB àti àwọn agbábọ́ọ̀lù yóò parí ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2026. Kí wọ́n fi ààlà sí i.

Ọmọ Mápó (Ìbàdàn):

Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá nìkan lèmi ń wò, Arsenal ni mo sì ń tẹ̀ lé. Nǹkan kan kò yé mi. Tí ẹgbẹ́ kan bá gbẹ̀yìn ní Premier League, wọ́n á já a sí ìsàlẹ̀, owó tẹlifíṣọ̀n á sì dín kù. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú kí olówó ẹgbẹ́ ra àwọn èèyàn ní oṣù Kìíní. Ṣé kò sí èyí níbẹ̀ ni? Kí ló wá ń ba ẹni tó gbẹ̀yìn lẹ́rù?

Bàbá Kẹ́hìndé (Oakland):

Ọmọ Mápó, o ṣeun, ibi tó ń ro mí gan-an lo fọwọ́ bà. Kò sí nǹkan tó ń bà á lẹ́rù.

Wọn kì í já ẹnikẹ́ni sí ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ́ 30 yẹn, àwọn kan náà ni lọ́dọọdún, bí wọ́n tilẹ̀ pàdánù eré ọgọ́rùn-ún nínú 162. Àwọn tó ṣe burúkú jù ló ní àǹfààní jù láti kọ́kọ́ yan nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Láti 2023 kèké ni wọ́n ń ṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ló ṣì ní kèké tó pọ̀ jù. Ó tún ku èyí: gbogbo ẹgbẹ́ ń dá 48 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé fún wọn nílùú wọn sínú àpò kan, wọ́n á sì pín in dọ́gba-dọ́gba. Ẹgbẹ́ ńlá dá púpọ̀, ó gba díẹ̀ padà. Ẹgbẹ́ kékeré dá díẹ̀, ó gba púpọ̀. Ohun tó dára ni, bíi èésú táwọn tó rí jẹ ń fi gbé àwọn tí kò rí jẹ dìde. Àmọ́ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá èésú náà ni pé kí ẹni tó gbà á fi tún ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ní 2018, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀wé ẹ̀sùn pé ẹgbẹ́ mẹ́rin kò fi owó náà ṣe ohun tó yẹ: Marlins, Pirates, Rays, àti A's tiwa.

Pittsburgh Pirates kò dé World Series láti 1979. Àwọn olólùfẹ́ wọn náà ń pariwo "tà á" nínú pápá bíi tiwa.

Àkànní, àbúrò mi, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Milwaukee, ó sì wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ààlà sókè nìkan, kí ni yóò mú ẹni tó jókòó sórí owó nísàlẹ̀ dìde?

Lọ́yà Ìjẹ̀bú (New York):

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ọ̀rọ̀ ààlà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, kì í sì í ṣe nítorí ìdọ́gba ni wọ́n ṣe ń bèèrè rẹ̀.

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di 1975, ìlà kan wà nínú ìwé gbogbo agbábọ́ọ̀lù: bí àdéhùn rẹ bá tilẹ̀ parí, ẹgbẹ́ rẹ ló ṣì ni ọ́. Wọ́n lè tà ọ́ sí ìlú mìíràn láìbi ọ́. Bí o bá kọ̀, o ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ìwọ̀fà ilé wa sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọjọ́ tí gbèsè bá tán, ilé ẹni là ń lọ. Nínú èyí, kò sí gbèsè, kò sì sí ọjọ́ tí yóò tán.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí àwọn oníṣòwò má lẹ̀dí àpò pọ̀ láti ká ọjà mọ́ àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní 1922, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní òfin yẹn kò mú bésíbọ́ọ̀lù. Adájọ́ Oliver Wendell Holmes ló kọ ìdájọ́ náà, pé eré ni, kì í ṣe òwò láti ìpínlẹ̀ kan sí ìkejì. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lọ béèrè irú àyè bẹ́ẹ̀, wọn ò fún un. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ti Amẹ́ríkà béèrè, wọn ò fún un. Bésíbọ́ọ̀lù nìkan ló ni ín dòní.

Ní oṣù Kẹwàá 1969, St. Louis Cardinals ta ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Curt Flood, fún Philadelphia. Ọdún 12 ló ti fi ṣe iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí ọ̀la jẹ́ Kérésìmesì, ó kọ lẹ́tà sí Bowie Kuhn, ọ̀gá àgbà àjọ náà, pé lẹ́yìn ọdún méjìlá, òun kò rí ara òun bí ẹrù tí wọ́n lè máa rà tí wọ́n lè máa tà láìka ìfẹ́ òun sí. Ẹgbẹ̀rún 90 dọ́là ló ń gbà lọ́dún, owó ńlá nígbà náà. Nígbà tí wọ́n bi í lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí ló ń ráhùn fún, ó ní ẹrú tí wọ́n ń sanwó fún dáadáa, ẹrú náà ni. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní 1972, adájọ́ márùn-ún lòdì sí i, mẹ́ta gbè é. Ó pàdánù, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, onílàjà kan tó ń jẹ́ Peter Seitz dá àwọn méjì sílẹ̀, Andy Messersmith àti Dave McNally, ọ̀nà sì là fún gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé wọn. Ohtani ń jẹ nínú oúnjẹ tí Flood sè tí kò rí jẹ.

Kí làwọn olówó ẹgbẹ́ wá ṣe nígbà tí agbábọ́ọ̀lù di òmìnira? Láti 1985 sí 1987, wọ́n fẹnu kò níkọ̀kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ra agbábọ́ọ̀lù ẹnìkejì rẹ̀. Àṣírí tú. 280 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fi parí ẹjọ́ náà ní 1990. Àwọn kan náà ló ń sọ fún wa báyìí pé àánú Milwaukee ló ń ṣe wọ́n.

Bàbá Kẹ́hìndé, ìdájọ́ 1922 yẹn kàn yín tààrà. Ẹ rántí pé A's fẹ́ kó lọ sí San Jose, ìlú tí kò jìnnà sí yín, níbi tí ẹ̀yin náà ì bá ti máa wakọ̀ lọ wò wọ́n. Ẹgbẹ́ mìíràn, San Francisco Giants, ní ilẹ̀ àwọn nìyẹn. San Jose gbé MLB lọ sílé ẹjọ́ ní 2013. Ní 2015, ẹjọ́ náà ti kú, ohun tó sì pa á ni ìwé tí Holmes kọ ní nǹkan bí ọdún 93 ṣáájú.

Ọmọ Mápó (Ìbàdàn):

Háà. Ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò lè gbà wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn lè gbà wọ́n?

Lọ́yà Ìjẹ̀bú (New York):

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn olówó ẹgbẹ́ dìbò lé e ní oṣù Kọkànlá 2023. Ọgbọ̀n sí òdo. Nevada náà kò dákẹ́ o: àwọn olùkọ́ ilé ìwé níbẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ìlú dìbò lórí owó náà, wọ́n ní ilé ìwé ló yẹ kó kọ́kọ́ rówó ná. Ilé ẹjọ́ àgbà Nevada ní ìwé tí wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn buwọ́ lù kò bófin mu.

Àkànní Texas:

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, mo kí yín. Ìtàn Flood yẹn, mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, mi ò mọ̀ pé bó ṣe parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti ẹrú nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba 700 mílíọ̀nù lónìí? Owó oṣù tó kéré jù nínú líìgì àgbà ní 2025 jẹ́ ẹgbẹ̀rún 760 dọ́là lọ́dún. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ẹ má sọ pé kí n máa sunkún fún wọn.

Ìyá Dàpọ̀ (Maryland):

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ àwọn ńláńlá lẹ̀ ń sọ látàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó wà nísàlẹ̀, torí ọ̀kan gbé ilé mi.

Ní 2019, ọmọ kan láti Dominican Republic wá sọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ kékeré kan nílùú wa ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ńlá fi ń tọ́ ọmọ dàgbà. Wọn kì í fún wọn nílé nígbà náà. Àwọn ìdílé bíi tiwa ló ń yọ̀ǹda yàrá. Ọmọ ogún ọdún. Àpò kan àti igi méjì ló gbé wọlé. 290 dọ́là ló ń gbà lọ́sẹ̀, kìkì oṣù tí wọ́n bá ń ṣeré. Kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn, mo máa ń rí i ní kíṣìn, á fi bọ́tà ẹ̀pà sínú búrẹ́dì mẹ́jọ, á ká wọn sínú aṣọ ìnuwọ́, á wá tọ́jú méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò rílé gbé, tí àwọn mẹ́rin jọ ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá kan. Lọ́jọ́ tí mo se ẹ̀wà pẹ̀lú dòdò, ó fi ṣíbí dúró lọ́wọ́, ó ní bí ti ìyá òun ló rí. Ilé kò gba omijé mọ́ lọ́jọ́ náà, èmi àti òun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin wọ́n pè é lórí fóònù pé àwọn kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó ká aṣọ ibùsùn rẹ̀ dáadáa kó tó lọ.

Àkànní, ìwọ sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí rẹ̀ ń gba owó àṣekún. Ní oṣù Kẹta 2018, nígbà tí àwọn aṣòfin ní Washington ń buwọ́ lu ìwé ìnáwó tó jẹ́ ojú ewé 2,232, wọ́n fi ìlà díẹ̀ sínú rẹ̀ tó ní kò di dandan kí wọ́n san owó àṣekún fún irú ọmọ tó gbé ilé mi yìí. MLB ti ń náwó lé àwọn aṣòfin lórí fún un. Ta ló fẹ́ ka ojú ewé 2,232? Ẹgbẹ́ tó lè san ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù fún ẹnì kan lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n má jẹ́ kí òun san owó búrẹ́dì fún ẹlòmíràn.

Ọlọ́run ṣe é, ní 2022 àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kékeré wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n parí ẹjọ́ kan lọ́dún yẹn pẹ̀lú 185 mílíọ̀nù dọ́là, àwọn ẹgbẹ́ sì ti ń pèsè ilé fún wọn báyìí. Àdéhùn 2023 gbé owó ìpele tó sún mọ́ òkè jù láti 17,500 dọ́là lọ́dún sí 35,800. Ó pẹ́ jù fún ọmọ mi yẹn.

Àkànní Texas:

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú ọ̀rọ̀ mi nípa sísunkún padà.

Ọmọ Awo (Òṣogbo):

Ìyá Dàpọ̀ sọ̀rọ̀ ọmọ Dominican, ẹ jẹ́ kí n fi ti Kúbà kún un, torí níbẹ̀ ìjọba méjì ló jókòó lé agbábọ́ọ̀lù lórí.

Mo lọ kí àwọn ẹbí wa tó ń sin òrìṣà ní ìlànà Lùkùmí. Ní Matanzas, níbi tí ìlù bàtá kò tíì dákẹ́ rí, wọ́n mú mi lọ wo pápá kan tó ń jẹ́ Palmar de Junco. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá eré tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ ní Kúbà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 1874. Ní Havana, nínú ọgbà Parque Central, àwọn ọkùnrin máa ń pé jọ látàárọ̀ títí di alẹ́ láti jiyàn bésíbọ́ọ̀lù nìkan. Ìjókòó mi kò jìnnà sí bàbá kan tó fi ìlẹ̀kẹ̀ Ṣàngó sọ́rùn, pupa àti funfun, ó ń ka orúkọ àwọn tó ti lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìka rẹ̀. Nígbà tí ìka ọwọ́ méjèèjì tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba Fidel Castro fòpin sí bésíbọ́ọ̀lù alówó oṣù ní 1961. Amẹ́ríkà náà ní kò sí ajé láàárín òun àti Kúbà. Ọmọ Kúbà tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ sá kúrò nílé, kó di ará orílẹ̀-èdè kẹta ná, kí àwọn ẹgbẹ́ tó lè du ú. Àárín yẹn ni àwọn agbódegbà ti ń jẹun. José Abreu, tí Chicago White Sox fún ní 68 mílíọ̀nù dọ́là ní 2013, jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ní Miami ní 2017 pé nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Haiti, òun ya ojú ewé kan nínú ìwé ìrìnnà ayédèrú òun, òun sì jẹ ẹ́, òun fi bíà gbé e mì, kí wọ́n má bàa mú òun. Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ igi í lò jù láyé, ó ń jẹ ìwé kó lè dé ibi iṣẹ́.

Ní oṣù Kejìlá 2018, MLB àti àjọ bésíbọ́ọ̀lù Kúbà ṣe àdéhùn pé kí ẹgbẹ́ tó bá mú ẹnì kan san owó díẹ̀ fún àjọ Kúbà, kí onítọ̀hún sì wá lọ́nà tó tọ́, kó sì lè máa lọ sílé. Ní oṣù Kẹrin 2019, ìjọba Trump fagi lé e, wọ́n ní àjọ náà àti ìjọba Kúbà kò yàtọ̀. Bàbá onílẹ̀kẹ̀ yẹn ṣì ń kà á sórí ìka.

Àkànní Texas:

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ àdéhùn 2026. Ẹ̀gbọ́n Oakland, tí mo bá gbà pé ààlà òkè nìkan kò tó, ẹ̀yin náà á gbà pé kò dáa kí ẹgbẹ́ kan máa ná ìlọ́po márùn-ún ohun tí èkejì ń ná. Kí wọ́n fi ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ sí i papọ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá kéré ju iye báyìí lọ, kó má gba kọ́bọ̀ nínú èésú yẹn.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú (New York):

Wọ́n ti gbé nǹkan tó jọ ọ́ wá rí. Ní 2021, àwọn olówó ẹgbẹ́ ní kí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fa ibi tí owó orí ti ń bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ láti 210 sí 180 mílíọ̀nù. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ òsì gbà á padà. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn fún ọjọ́ 99.

Ẹ má gbàgbé Montreal Expos náà. Ní 1994, àwọn ló wà lókè téńté gbogbo líìgì, wọ́n ti borí nínú eré 74, wọ́n pàdánù 40 péré, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó ń ná owó tó kéré jù. Àwọn olówó ẹgbẹ́ ní dandan ni kí ààlà wà, wọ́n ní nítorí irú Montreal ni. Agbábọ́ọ̀lù yanṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ. Kò sí World Series lọ́dún náà. Nígbà tí iṣẹ́ padà ní 1995, Montreal ta àwọn tó dára jù nínú ẹgbẹ́ náà láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní 2005, ẹgbẹ́ náà kó lọ sí Washington. Ìjà tí wọ́n ní torí ẹgbẹ́ kékeré làwọn ń jà, òun náà ló pa ẹgbẹ́ kékeré tó dára jù lọ́dún yẹn.

Èmi fara mọ́ ti ìsàlẹ̀ tí Àkànní sọ. Kí wọ́n sì ṣí ìwé owó wọn fún gbogbo ayé rí. Ẹni tó gba 380 mílíọ̀nù owó ìlú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní àpò òun kò kan ìlú.

Bàbá Kẹ́hìndé (Oakland):

Lọ́yà, ibi tí èmi náà ń lọ nìyẹn. Àkànní, tí ti ìsàlẹ̀ bá wà pẹ̀lú ìwé owó tó ṣí sílẹ̀, mo lè bá ọ jókòó sọ ti òkè. Láìsí ìwé owó, mi ò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó ní òun kò rówó.

Ọmọ Mápó (Ìbàdàn):

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré ló kù. Àwọn ìbejì yẹn, ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ń wò báyìí?

Bàbá Kẹ́hìndé (Oakland):

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2024, A's gbá eré ìkẹyìn ní Coliseum. A na Texas Rangers ní 3 sí 2, èèyàn 46,889 ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn eré, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sílé. Àwọn èèyàn ń na ife ọtí wọn kọjá ọgbà, àwọn tó ń tọ́jú pápá sì ń bu yẹ̀pẹ̀ pupa sí i fún wọn. Táíwò na ìgò omi rẹ̀ tó ti mu tán. Yẹ̀pẹ̀ yẹn ṣì wà lórí fèrèsé yàrá wọn. Ẹgbẹ́ náà ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sacramento báyìí, nínú pápá àwọn ẹgbẹ́ kékeré, títí Las Vegas yóò fi ṣe tán. Wọn ò fi orúkọ ìlú kankan síwájú orúkọ wọn mọ́.

Ẹgbẹ́ tuntun kan ti wà ní West Oakland láti 2024, Oakland Ballers ni orúkọ rẹ̀. Líìgì kékeré ni, Pioneer League, kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kankan. Wọ́n tún pápá Raimondi Park ṣe, wọ́n sì ta ìpín fún àwọn olólùfẹ́. Èmi náà ra díẹ̀, mo fi orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì sí i. Ní 2025 wọ́n gba ife líìgì náà. A gbé ìlù lọ. Tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran sísun lẹ ó ti rí wa, lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá wá sí Oakland kó kọ̀wé sí mi níbí, mo ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí mo máa ń yà sọ́tọ̀.